Ẹ̀jẹ́ Ìyá Mi Lórí Òkè Erin-Ìjẹ̀ṣà

Àwọn àgbà ní ìrìn jìnnà là á rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ìrìn tí mo fẹ́ ròyìn fún yín lónìí kò jìnnà rárá, nítorí kò kọjá ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rìnlá gbáko ni mo fi sá fún un kí n tó rìn ín.

Bí ọ̀rọ̀ náà ti jẹ́ nìyí. Kí wọ́n tó bí mi, oyún mẹ́ta ti bàjẹ́ lára ìyá mi. Nígbà tí ọ̀ràn náà sú gbogbo ẹbí, ìyá ìyá mi mú un lọ sí Erin-Ìjẹ̀ṣà, níbi omi Olúmirin tí ń já bọ́ láti orí àpáta. Ìyá mi bu omi náà mu, ó fi wẹ̀, ó sì jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé bí Ọlọ́run bá fi ọmọ jíǹkí òun, tí ọmọ náà sì yè, ọmọ náà yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun òkè náà dé ìpele keje, yóò sì dúpẹ́ níbẹ̀. Ọdún kò yí po tí wọ́n fi bí mi. Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì báyìí.

Láti ọjọ́ tí mo ti jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ni ni ìyá mi ti ń rán mi létí. N kò jẹ́ gbà. Iléèwé ìjọ ni mo ti ń kọ́ni, èmi náà ni mo sì ń ṣe olórí ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Mo ní, “Ẹ̀yin ìyá mi, ojú wo ni n óò fi wo àwọn ọmọ tí mo ń kọ́, bí wọ́n bá gbọ́ pé mo lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ omi?”

Ìyá mi kò kàwé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè bá a rojọ́. Ó wò mí, ó ní, “Olùkọ́, omi tí ìyá ìyá mi rù wálé láti Òkè-Oòyè ní Iléṣà ńkọ́? Ṣé òjò òyìnbó ni?”

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn ìjọ yóò mọ ohun tí ó ń sọ. Ní oṣù Agẹmọ ọdún 1930, ìsọjí ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Oòyè, níbi tí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ti ń wàásù. Ogunlọ́gọ̀ ènìyàn wá láti ìlú gbogbo pẹ̀lú ìkòkò àti kèrègbè, kí wọ́n lè gba omi tí a gbàdúrà sí lọ sílé. Ìyá ìyá ìyá mi wà nínú wọn. N kò rí èsì fọ̀. Mo sọ pé ọ̀tọ̀ ni ti ìyẹn, mo sì dìde bí ẹni tí iṣẹ́ ń dúró dè.

Lọ́dún tí mo wí yìí, orúnkún ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún gan-an. Dókítà ní kí ó yé gun àkàsọ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ó pè mí jókòó. Kò pariwo, kò sunkún. Ó ní, “Ọmọ mi, gbèsè ni. Èmi ni mo jẹ ẹ́, ìwọ ni mo fi rà. Ìjẹ̀ṣà òṣómàáló ni wá. Bàbá rẹ lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà àwọn ènìyàn títí wọ́n fi san owó aṣọ rẹ̀. Ẹni tí ń lóṣòó gba tirẹ̀ kò gbọdọ̀ kú sórí gbèsè ẹlòmíràn.”

Ẹ̀yin ará, kí ni n óò wí? Òótọ́ ni pé òwò aṣọ àwìn ni bàbá mi ṣe jẹun, bí ọ̀pọ̀ àwọn Ìjẹ̀ṣà ti ṣe é láti ìlú dé ìlú, tí àwọn ènìyàn fi sọ wọ́n ní òṣómàáló. Owó náà ni wọ́n fi rán mi lọ sí iléèwé. Mo ní mo gbọ́.

Ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Ọ̀wàrà, nígbà ìsinmi àárín sáà, ni mo mú ọ̀nà pọ̀n. Mo mú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin dání, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tí ó yá lára bí ọ̀kẹ́rẹ́. Ìyá mi fún wa ní ìgò oníke kan tí ó fọ̀ mọ́ tónítóní. Ó ní kí n bu omi ìpele keje wá fún òun.

Iléṣà ni a ti wọ ọkọ̀ Àkúrẹ́. A kọjá ní Ìwárájà, níbi tí ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n Alààyè ti yà sí ọ̀tọ̀, oko kòkó sì wà ní ọ̀tún àti ní òsì wa. Bí a ti ń lọ ni mo ń sọ fún ọmọkùnrin náà pé bí a bá tẹ̀ síwájú lójú ọ̀nà yìí, a óò dé Ìkejì-Arákeji. Ní ọdún 1928, Babalọlá jẹ́ òṣìṣẹ́ tí ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà yìí gan-an. Ibẹ̀ ni ó ti gbọ́ ìpè tí ó mú un fi iṣẹ́ ọba sílẹ̀. Títí di òní ni àwọn onígbàgbọ́ ń lọ síbẹ̀ láti gbàdúrà. Nígbà tí ó sì kú ní ọdún 1959, Ẹ̀fọ̀n Alààyè, ní ẹ̀yìn òkè tí a ń lọ gùn yìí, ni wọ́n sin ín sí. Bí mo ti ń wí i lẹ́nu ni ọ̀rọ̀ ara mi ń gún mi. Mo rí i pé kì í ṣe ìyá mi nìkan ni òkè yìí ń pè. Ó ti pẹ́ tí oríṣiríṣi ẹsẹ̀ ti ń wá ojú rere Ọlọ́run yí i ká.

A sọ̀ kalẹ̀ ní Erin, a gun ọ̀kadà dé ẹsẹ̀ òkè, a san owó ẹnu ọ̀nà. Àgbàlagbà kan tí irun rẹ̀ ti funfun wá bá wa pé òun ni òun yóò fi ọ̀nà hàn wá. Mo fẹ́ kọ̀, nítorí mo rò pé owó ló ń wá. Àmọ́ ó wo bàtà sàlúbàtà tó wà lẹ́sẹ̀ ọmọkùnrin náà, ó mi orí, ó ní, “Ẹ jẹ́ kí n tẹ̀ lé yín o, Olùkọ́.” N kò sọ iṣẹ́ mi fún un. Ó jọ pé ojú wa máa ń sọ fún ayé.

Bí a ti ń gòkè ló ń pìtàn. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ní Erin ni pé obìnrin kan, Akínlá, ọmọ ìdílé Odùduwà, ni ó ṣáájú àwọn ènìyàn rẹ̀ jáde láti Ifẹ̀. Òun ni ó kọ́kọ́ rí omi yìí nínú igbó. Àwọn kan tilẹ̀ fi ọdún 1140 sí i, ṣùgbọ́n ìtàn àtẹnudẹ́nu kì í ní kàlẹ́ńdà. Wọ́n ní nígbà tí ó rí bí omi ti ń hó láti òkè, tí èéfín omi sì bo gbogbo igi, ẹ̀rù bà á. Ó rò pé Olú mìíràn ni òun bá pàdé, ibẹ̀ ni orúkọ náà sì ti wá. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń bọ ọ́ lọ́dọọdún, tí àwọn tí ń wá ọmọ, tí ń wá ìlera, sì ń tọ ọ̀nà náà.

Ìpele méje ni omi náà ní. Ìpele kìíní kò le dé. Wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì ṣe àtẹ̀gùn sí ọ̀nà rẹ̀, ènìyàn sì pọ̀ níbẹ̀ bí ọjọ́ ọjà. Omi ń dà gììrì láti ibi gíga, ìrì rẹ̀ sì ń fọ́n sí wa lára kí a tó rí i pàápàá. Àwọn ọ̀dọ́ ń ya àwòrán ara wọn. Lábẹ́ àpáta kan, àwọn obìnrin aláṣọ funfun mẹ́rin ń gbàdúrà pẹ̀lú àbẹ́là, omi sì ti rin wọ́n gbingbin. Nítòsí wọn, ìyá arúgbó kan tí kò bá wọn tan ń fi ọwọ́ bu omi sí orí ọmọ ọwọ́ kan, ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Kò sí ẹni tó wo ẹnìkejì ní ìwòkuwò. Ó yà mí lẹ́nu. Èmi ti fi ọdún mẹ́rìnlá ja ìjà tí àwọn wọ̀nyí kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà.

Ohun kan bà mí nínú jẹ́ níbẹ̀. Ọ̀rá omi mímu àti ìgò ẹlẹ́rìndòdò wà káàkiri láàárín òkúta. Ẹni tí ó wá gba ìbùkún lọ́dọ̀ omi tún fi pàǹtí san án lóore! Ọmọkùnrin náà kó díẹ̀ sínú àpò. Bàbá afinihàn náà sì sọ fún un pé, “Ìwọ yóò dàgbà.”

Láti ìpele kejì ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà di tóóró, a ń di gbòǹgbò igi mú, a ń fi orúnkún ti ilẹ̀. Òkúta ibẹ̀ kì í ṣe òkúta dúdú tí a mọ̀ ní Òkè Olúmọ ní Abẹ́òkúta. Ó funfun, ó ń dán bí iyọ̀ òkúta. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní quartzite, ó sì le débi pé omi kì í tètè jẹ ẹ́. Ìdí nìyí tí òkè gbọọrọ yìí fi dúró sí ààlà Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì bí ògiri, tí omi sì ní láti fò kalẹ̀ dípò kí ó rọra ṣàn. Mo ń ṣàlàyé èyí fún ọmọkùnrin náà bí ẹni pé mo wà níwájú pátákó, ni mo ṣe yọ̀, tí mo sì jókòó sínú ẹrẹ̀. Bàbá náà kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn sọ pé, “Olùkọ́, ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ kọ́kọ́ parí tirẹ̀.”

Ní ìpele kẹrin, ohun tí mo ń bẹ̀rù ṣẹlẹ̀. Ọmọkùnrin náà fẹ́ fo láti orí òkúta kan sí èkejì. Òkúta kejì ní ìdọ̀tí aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ bí ilá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Kí n tó lanu, bàbá náà ti gbá a mú ní bẹ́líìtì ṣòkòtò. Sàlúbàtà rẹ̀ kan bọ́ sínú omi, ó yí po lẹ́ẹ̀kan, ó sì ré kọjá etí àpáta lọ sí ìsàlẹ̀. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò ó títí a kò fi rí i mọ́. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé kì í ṣe owó ni bàbá yìí tẹ̀ lé wá. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

A sinmi, a sì ń bá a lọ pẹ̀lú ọmọ ẹlẹ́sẹ̀ kan ní bàtà. Ìpele karùn-ún dákẹ́ rọ́rọ́. Ariwo ènìyàn ti pòórá, omi nìkan ni a ń gbọ́, àti ẹyẹ. Labalábá pọ̀ lórí iyanrìn tútù. Bàbá náà bi mí léèrè ohun tí mo bá wá, mo sì sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ́ náà fún un láìfi nǹkan kan pamọ́. Ó ní, “Irú yín pọ̀. Ẹ̀yin ọmọ ẹ̀jẹ́ kì í wá nígbà tí wọ́n bá ní kí ẹ wá. Ìgbà tí orúnkún ìyá yín bá ń dùn ún ni ẹ máa ń wá.”

A dé ìpele kẹfà lẹ́yìn ọ̀sán. Mo ti rí ọ̀nà ìpele keje níwájú, bí ọ̀nà tí ewúrẹ́ ń tọ̀. Inú mi dùn. Ni bàbá náà bá dúró. Ó gbójú sókè sí apá Ẹ̀fọ̀n, níbi tí òjò ti ṣú dùdù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oòrùn ń ràn lórí wa. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ omi. Omi tí ó mọ́ gaara ní ìpele karùn-ún ti ń pọ́n díẹ̀díẹ̀, ewé tútù àti ìtì igi kékeré sì ń bá a bọ̀. Ó ní, “Ó yá, ẹ jẹ́ kí a sọ̀ kalẹ̀.”

Mo ní, “Bàbá, ìpele kan péré ló kù!”

Ó ní, “Òjò ti rọ̀ lókè. Omi rẹ̀ ń bọ̀.”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́. Mo ní ọdún mẹ́rìndínlógójì ni gbèsè náà. Mo ní ìyá mi kò ní gbà. Mo tilẹ̀ ní kí ó dúró ti ọmọ náà, kí èmi sáré lọ sáré bọ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ojú ń tì mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ìyá mi nìkan ni mo fi ń sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìgbéraga ti wọ̀ ọ́. Ẹni tí kò fẹ́ wá tẹ́lẹ̀ ni kò fẹ́ padà mọ́.

Bàbá náà gbọ́ mi tán. Ó ní, “Olùkọ́, kí ni ìyá yín tọrọ lọ́wọ́ omi yìí? Ṣé kí ọmọ òun gun òkè ni, àbí kí ọmọ òun yè?”

Mo wo ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ó dúró sórí òkúta funfun náà pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan láìní bàtà, ó ń wò mí, ó ń retí ohun tí n óò wí. Bí mo bá ní kí a lọ, yóò lọ. Òun náà jẹ́ ọmọ tí ìyá kan tọrọ. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú níí le koko. Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà, mo ṣí fìlà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹni tó dá omi àti òkè, tí ó gbọ́ ohùn ìyá mi kí èmi tó ní etí. N kò rò ó pé ta ni yóò rí mi. Mo rọ omi sínú ìgò náà láti ibi tí ó ṣì mọ́ lẹ́bàá àpáta, a sì yí padà.

A kò tíì kọjá ìpele kejì tí a fi gbọ́ ariwo náà, bí ìgbà tí ọkọ̀ ẹrù ńlá ń bọ̀ lókè. Omi pupa dà kalẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀ka igi. Ó bo àwọn òkúta tí a ti tẹ̀ sọdá ní òwúrọ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá. Ọmọkùnrin náà di ọwọ́ mi mú, kò sì jọ̀wọ́ rẹ̀ títí a fi dé ìsàlẹ̀. Mo fún bàbá náà ní owó ju iye tí a jọ sọ lọ. Ó gba iye tí a jọ sọ, ó dá ìyókù padà. Ó ní kí n fi ra bàtà gidi fún ọmọ náà.

Nínú ọkọ̀ tí ń padà lọ sí Iléṣà, èrò burúkú kan sọ sí mi lọ́kàn: ta ni yóò mọ̀? Omi ni omi, ìgò ni ìgò. Bí mo bá sọ pé ìpele keje ni, inú ìyá mi yóò dùn, ọ̀rọ̀ á sì tán. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin náà jókòó tì mí. Gbogbo ọdún ni mo ń kọ́ irú rẹ̀ pé irọ́ kò dára.

A délé, mo dọ̀bálẹ̀. Ìyá mi gba ìgò náà, ó ní, “Ṣé o dé ìpele keje?”

Mo ní, “Rárá mà. Ìpele kẹfà ni mo dé.” Mo sì ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan sàlúbàtà àti ọ̀rọ̀ tí bàbá náà sọ. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fa ọmọkùnrin náà mọ́ra, ó yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò, ó wá bi mí pé, “Omi ìpele kẹfà, níbo ló ti ń wá?”

Mo ní, “Láti ìpele keje ni, mà.”

Ó ní, “Ó dára. Ó pàdé rẹ lọ́nà.”

Ó fẹ́ bu omi náà mu lójú ẹsẹ̀. Mo ní kí ó jẹ́ kí n sè é ná, nítorí àìsàn inú. Ó ní ta ló ń se ọpẹ́ lórí iná? A fa ọ̀rọ̀ náà díẹ̀. Níkẹyìn ó gbà kí n se ìdajì, ó sì fi ìdajì kejì wẹ orúnkún rẹ̀. N kò ní purọ́ fún yín, orúnkún náà ṣì ń dùn ún. Ṣùgbọ́n ó sùn dáadáa ní òru ọjọ́ náà, èmi náà sì sùn.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ gbọ́ ìmọ̀ràn mi. Bí ẹ bá fẹ́ rí agbára omi náà, ẹ lọ nígbà òjò, kí ẹ sì dúró ní ìpele kìíní. Bí ẹ bá fẹ́ gun òkè, ẹ dúró de ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí omi dínkù tí òkúta sì gbẹ. Bàtà tó di ẹsẹ̀ mú ni kí ẹ wọ̀, ẹ má wọ sàlúbàtà. Ẹ má dá lọ, ẹ sì wá ẹni tó mọ ọ̀nà. Bí omi bá ń pọ́n, tí ewé tútù ń bá a bọ̀, ẹ má rojọ́ bíi tèmi, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ bá kó ọmọ lọ, ẹ ka iye wọn ní ìpele kọ̀ọ̀kan, ẹ sì ka iye ọ̀rá tí wọ́n mú wọlé, kí iye kan náà jáde.

Ní ti èmi, mo rò pé gbèsè ti tán. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi, bí mo ti ń múra ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá mi pè mí láti inú yàrá. Ó ní, “Olùkọ́, ìpele mẹ́fà wọlé. Ó ku ẹyọ kan. Bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́, wàá lọ san ìyókù.”

Ọmọ òṣómàáló ni mí. Mo ti ra bàtà fún àwa méjèèjì.